Adétòkunbọ̀ Di Antetokounmpo

Kí á tó máa bá ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ka orúkọ yìí sókè ketekete: Antetokounmpo. Ẹ tún un kà. Mo fi lọ àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní Kétu níhìn-ín. Ọ̀kan ní ará Kóńgò ni, èkejì ní ó ní láti jẹ́ ará Japan. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó sọ pé ọmọ Yorùbá ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Adétòkunbọ̀ ni, orúkọ tí gbogbo wa mọ̀, orúkọ ẹni tí adé ti òkè òkun bá bọ̀ wálé.

Ẹni tó ń jẹ́ ẹ ni Giannis, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì gbá jù lọ ní ayé. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá, ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìgbò. Wọ́n kúrò ní Nàìjíríà lọ sí ilẹ̀ Gíríìsì, ìlú Athens ni wọ́n sì bí Giannis sí ní 1994. Ó di ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀ ní 2013, ọdún náà gan-an ló sọdá sí Amẹ́ríkà, sí ẹgbẹ́ Milwaukee Bucks. Ní 2021, nígbà tí ẹgbẹ́ náà gba ife ẹ̀yẹ, òun nìkan ló kó àmì 50 nínú ìdíje tí wọ́n fi parí rẹ̀. Gbogbo ayé ń pariwo orúkọ tí bàbá rẹ̀ kò bí i sí.

Báwo ni orúkọ ṣe dà bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ súnmọ́ ibí, nítorí ọ̀rọ̀ yìí dára fún kíláàsì. Àwọn ará Gíríìsì ní lẹ́tà tiwọn. Lẹ́tà kan wà tó yẹ kó jẹ́ “d”, ṣùgbọ́n lóde òní ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó ti di ohùn tí à ń gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òyìnbó náà, “this”. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ kọ “d” gidi, wọ́n á so lẹ́tà méjì pọ̀, èyí tó dúró fún “n” àti èyí tó dúró fún “t”. Bákan náà ni “b” ayé àtijọ́ ti di “v” lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá ń wá “b”, wọ́n á so “m” mọ́ “p”. “U” pàápàá, “o” àti “u” ni wọ́n máa ń fi ṣe é. Akọ̀wé Gíríìkì gbọ́ Adétòkunbọ̀, ó fi lẹ́tà tirẹ̀ kọ ọ́ bó ti yẹ. Nígbà tí ìwé ìrìnnà yóò jáde, akọ̀wé mìíràn tú u padà sí lẹ́tà òyìnbó, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èyí tó bá a mu: “d” jáde ní “nt”, “u” jáde ní “ou”, “b” jáde ní “mp”. Àwọn ará Amẹ́ríkà gba ìwé náà, wọ́n sì ka ohun tí wọ́n rí.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ṣìṣe. Akọ̀wé àkọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pé, èkejì ṣe tirẹ̀ pé, orúkọ sì sọnù láàárín wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná Máìlì 12 kò ní ṣàì mọ irú rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì kún ní òkè Ọya, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n sọ̀ ọ́, wọ́n tún un dà sínú apẹ̀rẹ̀ mìíràn. Ẹnikẹ́ni kò jalè. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó dé iwájú ìsọ̀ yín.

Kì í ṣe àwa Yorùbá nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí o. Àwọn ará Pólàńdì náà ní ẹjọ́ tiwọn láti rò. Bí ẹ bá bi ọmọ ilé-ìwé gíga wa léèrè ta ni Marie Curie, yóò ní obìnrin Faransé kan tó gba ẹ̀bùn Nobel nígbà méjì, ní 1903 àti 1911. Maria Skłodowska ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní Warsaw, níbi tí wọ́n bí i sí ní 1867. Joseph Conrad tí gbogbo akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lítíréṣọ̀ ń kà gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, Józef Teodor Konrad Korzeniowski ni. Atukọ̀ òkun ni tẹ́lẹ̀, nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní 1895, orúkọ kúkurú ló fi síwájú. Ṣùgbọ́n Maria ṣe ohun kan tí mo fẹ́ràn. Ní 1898, nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ rí ẹ̀yà ohun ìpilẹ̀ṣẹ̀ tuntun kan, wọ́n sọ ọ́ ní polonium nítorí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ní àkókò yẹn, kò sí Pólàńdì lórí àwòrán ayé rárá. Àwọn ọba ńlá mẹ́ta ti pín in mọ́wọ́. Obìnrin náà pàdánù orúkọ tirẹ̀, ó sì gbé orúkọ ìlú rẹ̀ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè yọ ọ́ kúrò.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Gbogbo wa mọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ajayi ló ń jẹ́ ní Òṣóògùn, orúkọ àmútọ̀runwá, nítorí ó dojú bolẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní oṣù kẹrin 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá 1825, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, wọ́n fún un ní orúkọ àlùfáà kan ní London, Samuel Crowther, odindi orúkọ ẹlòmíràn láti orí dé ìdí. Ọ̀pọ̀ nínú ìwé ayé ìgbà náà tó bá tilẹ̀ rántí Ajayi, “Adjai” ni wọ́n ń kọ. Nígbà tó tún bá ìyá rẹ̀ Àfàlà pàdé ní Abẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìyá náà kò pẹ́ kó tó gba ìrìbọmi, ó di Hannah. Èmi kò bá ẹ̀sìn jà. Mo kàn ń wò ó pé ìyá àti ọmọ tí ogun yà nípa, tí wọ́n tún ríra, orúkọ tí wọ́n fi ríra kọ́ ni wọ́n fi lọ sí sàréè.

Ti Àìná tún burú ju èyí lọ. Òkè-Ọ̀dàn ni ilé rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì kọ lu ìlú náà ní 1848, wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n kó o lọ. Ọmọ bí ọdún márùn-ún ni. Ní 1850, Gezo ọba Dàhọ̀mì fi ọmọ náà ta ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́rẹ láti fún Ọbabìnrin Victoria. Ọ̀gá ọkọ̀ náà ń jẹ́ Forbes, ọkọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Bonetta, ni wọ́n bá sọ ọmọ ní Sarah Forbes Bonetta. Ẹ gbọ́ o: orúkọ ọkùnrin tó gbé e, àti orúkọ ọkọ̀ tó fi gbé e! Orúkọ tó gbé ti ọ̀run wá, tó sọ pé ìwọ́ wé mọ́ ọn lọ́rùn nígbà tí wọ́n bí i, wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn òkun. Ó fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni J. P. L. Davies, oníṣòwò pàtàkì ní Èkó, ní Brighton ní 1862, ó sì kú sí erékùṣù Madeira ní 1880. Títí di òní, Sarah ni ọ̀pọ̀ ìwé fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Kossola. Ọmọ Yorùbá ni láti agbègbè Bantè, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin lónìí. Dàhọ̀mì kó òun náà, wọ́n sì tà á sínú ọkọ̀ Clotilda, tó gúnlẹ̀ sí Mobile ní Alabama ní 1860, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin Amẹ́ríkà ti fòpin sí kíkó ẹrú wọlé láti 1808. Ọ̀gá tó rà á kò lè pe Kossola. Ó gbìyànjú, ẹnu rẹ̀ kọ̀. Ni Kossola bá ní kí ó máa pe òun ní Cudjo. Cudjo kì í tilẹ̀ ṣe orúkọ Yorùbá. Àwọn Akan ilẹ̀ Ghana ló ń sọ ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ Ajé bẹ́ẹ̀. Nígbà tó sì nílò orúkọ ìdílé, ó di Lewis. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé láti ara Oluale, orúkọ bàbá rẹ̀, ni Lewis ti jáde. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀ka orúkọ bàbá rẹ̀ ló kù nínú ẹnu òyìnbó.

Ogun Amẹ́ríkà parí ní 1865, wọ́n dá wọn sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ padà sílé, owó kò sí. Wọ́n wá ra ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì dá ìlú kan sílẹ̀ tí à ń pè ní Africatown títí di òní. Níbẹ̀ ni Kossola àti ìyàwó rẹ̀ Abila, tí wọ́n sọ di Celia, ti bí ọmọ mẹ́fà, ọkùnrin márùn-ún àti obìnrin kan. Kossola fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ méjì, ọ̀kan fún ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀kan kí wọ́n má baà gbàgbé ilé. Ó sọ èyí fúnra rẹ̀ fún Zora Neale Hurston, obìnrin adúláwọ̀ tó lọ bẹ̀ ẹ́ wò ní 1927 àti 1928. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni David. Orúkọ ilé rẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀ ní Adeniah. Lójú tèmi, kò sí ohun tí èyí lè jẹ́ bí kò ṣe Adéníyì, tàbí ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́. Àwọn orúkọ yòókù ti dàrú kọjá ohun tí mo lè tú. Mo jókòó tì wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo ń pè wọ́n sókè sódò bí ẹni ń ṣí ilẹ̀kùn pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Gbogbo ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kú ṣáájú bàbá wọn. Kossola kú ní 1935. Ìwé tí Hurston kọ nípa rẹ̀ kò jáde títí di 2018, nígbà tó sì jáde, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé Cudjo Lewis ní orúkọ mìíràn.

Odindi ẹ̀yà wa pàápàá gba orúkọ lọ́wọ́ àjèjì. Ní Freetown, nítorí pé ẹnu àwọn baba wa kì í sinmi “ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn”, wọ́n sọ gbogbo wọn ní Akú. Ní Kúbà, Lukumí ni. Ní Brazil, Nàgó ni.

Ẹ má sì rò pé ó dìgbà tí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ojú omi. Kétu tí mo ń gbé yìí ní Kòṣọfẹ́, orúkọ kan náà ni òun àti Kétu ilẹ̀ Benin, ìlú ọba àtijọ́. Nítorí àdéhùn ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní 1889, ti ọ̀hún bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, wọ́n sì ń kọ ọ́ ní Kétou. Ẹni tó ń jẹ́ Ọlátúnjí níhìn-ín, Olatoundji ni ìbátan rẹ̀ ń jẹ́ lọ́hùn-ún. Adéṣínà di Adéchina. Àwọn méjèèjì gbọ́ ara wọn lẹ́nu, wọ́n jọ ń ná ọjà kan náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ìwé wọn síwájú adájọ́ pé ọmọ bàbá kan náà ni àwọn, iṣẹ́ wà níbẹ̀.

Àwọn kan wà tó gba tiwọn padà. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí sí Guyana, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ń jẹ́ William James Davies. Ní 1887, ní Freetown, ó di Orishatukeh Faduma. Ní 1894, David Brown Vincent, oníwàásù Onítẹ̀bọmi tí gbogbo Èkó mọ̀, bọ́ orúkọ náà sílẹ̀, ó di Mójọlá Agbẹ́bí. Ẹ rò ó wò: ní ayé tí ènìyàn ń wá orúkọ òyìnbó kiri bí ẹni ń wá iṣẹ́ ìjọba! Ní ayé tiwa, Olajuwon, ọmọ Èkó tó gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní Houston, ń jẹ́ Akeem lẹ́nu gbogbo wọn fún ọdún púpọ̀. Ní 1991 ó ní H ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ orúkọ òun, Hakeem, bó ṣe wà nínú èdè Lárúbáwá. Láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́. Ó ní, wọ́n sì gbọ́.

H tirẹ̀ ní ìdí. Èyí tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń fi kún tiwọn ńkọ́? Mo ní ọmọ kan ní kíláàsì tí Ọlámidé wà lórí ìwé ìbí rẹ̀, tó ń kọ “Horlarmide” sí ẹ̀yìn ìwé àṣetiléwá. Mo bi í léèrè kí ni H ń ṣe níbẹ̀. Ó ní ó kàn rẹwà ni, sà! Ọlá tí bàbá rẹ̀ fún un ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Mo ní kó lọ kọ orúkọ rẹ̀ bó ti yẹ nígbà ogún, pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀. Ó kọ ọ́, ó ń kùn.

Àmì ìsàlẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì púpọ̀ kò ní i, nítorí náà Ṣọlá di Sola, Ẹniọlá di Eniola. A ti gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí akọ̀wé kan bá fi “sh” kọ “ṣ”, tí èkejì fi “s” lásán kọ ọ́, ọmọ kan náà á di ènìyàn méjì: Adeshola lórí ìwé ẹ̀rí WAEC, Adesola lórí nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìjọba. Báńkì á ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin òbí mọ ohun tó ń tẹ̀lé e: ẹ ó lọ búra ní kóòtù, ẹ ó san owó fún ìwé ìròyìn kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ jáde pé ọmọ yín àti ọmọ yín, ẹnì kan náà ni. Nítorí èyí, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, èmi kì í kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé ìpè láìjẹ́ pé mo rí ìwé ìbí rẹ̀. Àwọn òbí kan ní mo le jù.

Ó wá ku àwọn tó ń gé orúkọ nítorí oúnjẹ. Àwọn wọ̀nyí ni n kò lè bínú sí. Ọmọkùnrin òṣèré fíìmù ńlá tí wọ́n bí sí London ní 1992, tí gbogbo ayé mọ̀ sí John Boyega, Adégbóyèga ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Adé ni wọ́n gé kúrò níwájú. Ìbẹ̀rù àwọn tó ń gé orúkọ kì í ṣe ìbẹ̀rù lásán. Ní 2004, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ wọn jáde: wọ́n ti fi ìwé ìbéèrè iṣẹ́ bí 5,000 ránṣẹ́ ní Boston àti Chicago, ìmọ̀ dọ́gba, ìrírí dọ́gba, orúkọ nìkan ló yàtọ̀. Bí àwọn tó ní orúkọ tó jọ ti adúláwọ̀ bá rí ìpè 10 gbà, àwọn tó ní orúkọ òyìnbó ń rí 15. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, tó jáde ní 2009: ẹni tó ní orúkọ òyìnbó kọ ìwé 9 kó tó rí èsì rere kan, ẹni tó ní orúkọ àjèjì kọ 16. Ta ni yóò wá dá òbí lẹ́bi?

Ìyá oníata kan ní Máìlì 12, oníbàárà wa tipẹ́, pè mí láìpẹ́ yìí bí mo ti ń kọjá. Ó ní, “Tíṣà, ẹ wá gbà mí.” Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bímọ ní London. Ọkọ ìyá náà sì ti kú ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ ṣáájú. Kò sí àríyànjiyàn nínú ohun tí ọmọ yóò jẹ́, Babátúndé ni. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ní kí àwọn kọ Toby sínú ìwé, kí ojú má baà ti ọmọ náà ní ilé-ìwé, kí ó sì lè rí iṣẹ́ lọ́la.

Mo ní, “Màmá, Túndé ńkọ́? Ó kúrú, òyìnbó lè pè é.”

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. “Tíṣà, ‘ó tún dé.’ Ta ló tún dé? Bàbá gan-an lẹ tún gé kúrò yẹn!” Ó da ata tó ń tò padà sínú abọ́. “Bí wọ́n bá ń pè é ní Toby, báwo ni bàbá rẹ̀ ṣe máa mọ̀ pé ilé òun lòun dé?”

N kò ní èsì sí ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni mo sọ fún un: pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún òbí ní ọjọ́ 42 láti kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀, nítorí náà àyè ṣì wà, pé kò sí òfin tó ní orúkọ kan péré ni ọmọ gbọ́dọ̀ ní, àti pé Babátúndé kò ní ẹyọ àmì ìsàlẹ̀ kan, kò sí ẹ̀rọ ọ́fíìsì kankan ní London tí yóò gé lẹ́tà kan kúrò nínú rẹ̀. Mo tún sọ ìtàn Kossola fún un àti orúkọ méjì-méjì tó fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó ní, “Ọkùnrin náà gbọ́n.”

Wọ́n jọ fà á lórí fóònù fún ọjọ́ mẹ́ta. Níkẹyìn ọmọ rẹ̀ gbà. Babátúndé ló kọ ṣáájú, Toby tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ kẹjọ, ìyá náà jókòó sídìí ìsọ̀ rẹ̀, ó fi fóònù sí ẹnu, ó pe orúkọ náà pẹ̀lú oríkì ọkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń bo ariwo àwọn alábàárù mọ́lẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra ata dúró títí ó fi parí. Wọ́n ní ọmọ náà sun oorun rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.